Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí wọ́n bí níúrọ́ọ̀nù inú ọpọlọ èkúté àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọpọlọ ní Ìdí-Àràbà, ní Akọka àti ní Yábàá ló ti gún ìyá èkúté (mouse, kì í ṣe rat) ní abẹ́rẹ́ BrdU, oògùn tó ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n dúró de ọmọ, tí wọ́n gé ọpọlọ, tí wọ́n kùn ún ní àwọ̀, tí ohun tí wọ́n rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù kò sì yàtọ̀ sí ata gígún tí wọ́n fọ́n sórí síláìdì: kóró sẹ́ẹ̀lì (nucleus) aláwọ̀ ilẹ̀ kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, kò sí ìpele kan tó dá yàtọ̀. Àǹtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ BrdU kí àwọ̀ lè fi í hàn, ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á tún ra òmíràn, owó á tún lọ. Bẹ́ẹ̀ rèé, nínú púpọ̀ jù lọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àǹtíbọ́dì kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ọjọ́ ni wọn kò kà bó ṣe yẹ, tàbí kí wọ́n ka gbogbo kóró tó ní àmì láìya èyí tó ki sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti ṣá.

Ìbéèrè méjì ni ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ kí ẹ lè dáhùn nípa níúrọ́ọ̀nù kan, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ: ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, àti apá ibo lára ọpọlọ ọlẹ̀ ló ti wá. BrdU kò lè dáhùn ju ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ. Ìkejì wà lọ́wọ́ jíìnì, a ó sì dé ibẹ̀ ní ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. BrdU jọ thymidine, ọ̀kan lára èròjà tí ara fi ń kọ́ DNA, tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì tó ń da DNA rẹ̀ kọ lọ́wọ́ fi máa ń gbé e wọlé láìfura. Láàárín wákàtí díẹ̀, ara ìyá èkúté á ti fọ ìyókù dànù. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbé e wọlé, tí kò sì tún pín mọ́ lẹ́yìn náà, yóò tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú kóró rẹ̀ títí ayé. Èyí tó bá ń pín lọ yóò máa pín àmì náà sí méjì méjì títí tí yóò fi ṣá pátápátá. Ọjọ́ ìbí níúrọ́ọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lò ó níhìn-ín, ni ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì ìyá rẹ̀ da DNA kọ kẹ́yìn.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó lílo ẹranko ní kọ́lẹ́jì yín. Ẹ má ṣe dá abo kan pọ̀ mọ́ akọ kí ìwé náà tó jáde, nítorí kò sí ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ní láárí tí yóò gba iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kí àṣẹ tó dé.

Ní ti ẹran, ẹ wá abo èkúté tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, àti akọ tó ti bímọ rí. Èkúté funfun tí wọ́n ń sìn káàkiri Èkó tó fún iṣẹ́ ìgbésẹ̀ kìíní títí dé ìkeje. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yà olówó ńlá.

Ní ti yàrá, ohun tí ẹran ń fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ wákàtí 12 àti òkùnkùn wákàtí 12 láìyẹ̀. Ibí ni iná mànàmáná ti ń pa iṣẹ́ lára láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì dá a padà láàárín òru tí gílóòbù sì tàn, tàbí kí iná ẹ̀ṣọ́ máa gba ojú fèrèsé wọlé, àsìkò abo á dàrú, ìbálòpọ̀ ò sì ní wáyé ní òru tí ẹ fọkàn sí. Ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo fèrèsé, kí ẹ sì so gílóòbù mọ́ bátìrì ìnfátà pẹ̀lú aago tí ń tan iná tí ń pa á fúnra rẹ̀. Iná yìí kò gba agbára púpọ̀; kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

Ní ti oògùn àti èròjà: BrdU, omi iyọ̀ ìṣègùn, PBS (omi iyọ̀ tí pH rẹ̀ kì í tètè yí), paraformaldehyde (èyí tó ń mú kí ọpọlọ gan kó má bàjẹ́), ẹ́tánọ́ọ̀lù, sáílíìnì, ìda parafíìnì, hydrochloric acid, borate, hydrogen peroxide, DAB (èyí tó ń di àwọ̀ ilẹ̀ níbi tí àǹtíbọ́dì bá wà), àti àwọn àǹtíbọ́dì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀nà ìda àti DAB dípò ọ̀nà yìnyín àti iná aláwọ̀ (fluorescence). Ẹ̀rọ tí ń gé ọpọlọ nínú yìnyín kò gbọdọ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pàápàá, iná aláwọ̀ sì ń fẹ́ máíkírósíkóòpù tí kò sí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ọpọlọ inú ìda lè wà lórí tábìlì ní Èkó fún ọdún púpọ̀, DAB kì í sì í ṣá.

Àwọn àǹtíbọ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò, nítorí àwọn ló máa ń pẹ́ jù. Bí èyí tí wọ́n ti gbẹ di ìyẹ̀fun bá wà, ẹ rà á ju èyí tó jẹ́ olómi lọ, kí ìdádúró níbi ìgbẹ́rù ní Ìkejà má bàa sọ ọ́ di omi lásán.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Bí ẹ ó ṣe mọ òru tí oyún bẹ̀rẹ̀

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ síbẹ̀.

Àsìkò abo èkúté ń yí po láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Bí abo púpọ̀ bá jọ ń gbé láìsí akọ nítòsí, àsìkò wọn á máa falẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó dá wọn pọ̀, ẹ bu lára pàǹtírí inú àgò akọ sínú àgò àwọn abo. Òórùn ìtọ̀ akọ yóò jí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì gba akọ ní òru kẹta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé abo lọ sínú àgò akọ, kì í ṣe akọ sínú àgò abo. Akọ tí wọ́n gbé lọ sílé onílé máa ń lo wákàtí púpọ̀ láti fi gbóòórùn káàkiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ di abo kọ̀ọ̀kan mú ní ìdí ìrù, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ sì wo ojú ara rẹ̀. Èdídí funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè tó le bí ìda ni ẹ ń wá. Bí ojú ara bá wú tí ẹ kò sì rí i dáadáa, ẹ fi irin tín-ínrín tí ẹnu rẹ̀ kò mú kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́; bí èdídí bá wà, irin náà kò ní wọlé.

Èdídí a máa jábọ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú tàbí Ajah bọ̀, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú mọ́ orí afárá títí di aago mọ́kànlá, yóò dé bá abo tó ti lóyún, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gba akọ. Ẹ má gbára lé ọ̀nà Èkó. Ẹ bá ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹran ṣe àdéhùn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ẹ tó pàrọ̀ pàǹtírí wọn láàárọ̀, ẹ bá wa wo abo mẹ́rin yìí, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ wò ó sílẹ̀.” Ẹ kọ́ wọn bí èdídí ṣe rí lójú ẹran gidi, kì í ṣe lórí àwòrán fóònù.

Yálà ẹ rí èdídí tàbí ẹ kò rí i, ẹ mú abo kúrò lọ́dọ̀ akọ ní òwúrọ̀ náà. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún òru mẹ́ta kò ní ọjọ́ tí ẹ lè tọ́ka sí mọ́, ó sì sàn kí ẹ lò ó fún nǹkan mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ rí èdídí ni à ń pè ní E0.5 (E12.5 sì ni ọ̀sán ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn rẹ̀), nítorí a gbà pé àárín òru ni ìbálòpọ̀ wáyé. Àwọn kan a máa ka ọjọ́ náà sí E1. Ẹ kọ irú ìkà tí ẹ lò sínú ìwé iṣẹ́ yín lójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe gbé abo tó ní èdídí sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ àjèjì láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Òórùn akọ tí kò mọ̀ lè mú kí oyún náà bàjẹ́ kó tó fìdí múlẹ̀ nínú ilé ọmọ.

Àyẹ̀wò: Èdídí ń sọ pé akọ gùn ún, kò sọ pé ó lóyún. Ẹ wọn abo náà ní ọjọ́ tí ẹ rí èdídí, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kẹwàá. Èyí tó lóyún yóò ti fi gíráàmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo sí i. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró sójú kan, ẹ má ṣe fi BrdU ṣòfò lára rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Bí ẹ ó ṣe yan ọjọ́ abẹ́rẹ́

Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ló ń yan ọjọ́. Nínú èèpo ọpọlọ, ìyẹn kọ́tẹ́ẹ̀sì, tó ní ìpele mẹ́fà tí à ń kà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, àwọn níúrọ́ọ̀nù Cajal-Retzius tó ń gbé ojú òkè pátápátá ló ṣáájú, láti nǹkan bíi E10.5. Lẹ́yìn wọn, ìpele kẹfà ń dáyé ní nǹkan bíi E12.5, ìpele karùn-ún ní E13.5, ìpele kẹrin ní E14.5, ìpele kejì àti ìkẹta ní E15.5 sí E16.5. Àwọn àbúrò ń gba àárín àwọn ẹ̀gbọ́n kọjá lọ sókè, ìdí nìyẹn tí àgbà fi wà nísàlẹ̀ tí ọmọdé sì wà lókè. Láti nǹkan bíi E17 lọ, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìyá wọ̀nyí á kúrò nídìí bíbí níúrọ́ọ̀nù, wọ́n á bọ́ sídìí bíbí glia, àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn níúrọ́ọ̀nù.

Ìlànà yìí kò kan gbogbo ọpọlọ. Níúrọ́ọ̀nù dópámíìnì àárín ọpọlọ ń dáyé ní nǹkan bíi E10.5 sí E13.5. Nínú ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn, sẹ́ẹ̀lì Purkinje ń dáyé ní E11 sí E13, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì granule ibẹ̀ ṣì ń pín lójú òkè rẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìbí, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ ni ẹ ó gún, kì í ṣe ìyá. Mo ti rí ẹni tó gún ìyá ní E14.5, tó wá ń wá granule tó ki nínú ọmọ ọgbọ̀n ọjọ́. Kò lè rí i láéláé. Wọ́n ti pín àmì náà tán.

Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú E12.5 àti E15.5. Ọjọ́ méjèèjì jìnnà síra tó pé bí iṣẹ́ bá dára, ojú lásán á rí ìyàtọ̀.

Àyẹ̀wò: Nínú àwọn abo tí èdídí wọn bọ́ sí òwúrọ̀ kan náà, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láti ṣí i wò ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ní E12.5, àtẹ́lẹwọ́ iwájú ọlẹ̀ á ti fẹ̀ pẹrẹsẹ, ipa ìka á ti máa hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kò tíì yà. Ní E14.5, ṣóńṣó ìka ti ń yà, ọlẹ̀ á sì gùn tó nǹkan bíi mílímítà 12 láti orí dé ìdí. Bí ọwọ́ bá sọ ohun kan tí kàlẹ́ńdà sì sọ òmíràn, ọwọ́ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ tún mọ̀ pé ọlẹ̀ inú ìyá kan náà lè fi nǹkan bí ààbọ̀ ọjọ́ ju ara wọn lọ.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Abẹ́rẹ́

Ẹ pò BrdU sínú omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi di mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan. Kì í tètè yọ́. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ máa mì í, kí ẹ sì gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀ wò ó. Bí ẹ bá ṣì rí eérún tó ń dán nínú rẹ̀, kò tíì yọ́, ìwọ̀n tí ẹ rò pé ẹ ń gún kọ́ ni ẹ ó gún. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi bébà fàdákà wé ìgò náà nítorí ìmọ́lẹ̀.

Ìwọ̀n tí a sábà ń lò ni mílígíráàmù 50 fún kìlógíráàmù kan. Ìyá tó wúwo tó gíráàmù 30 yóò gba mílígíráàmù 1.5, ìyẹn mílílítà 0.15. Sírínjì ínsúlínì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn gbogbo dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ìlà ara rẹ̀: nínú èyí tí ìlà 100 jẹ́ mílílítà kan, 0.15 wà ní ìlà 15. Ìwọ̀n ìyá ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ tẹ orí rẹ̀ síwájú sí ìsàlẹ̀ kí ìfun àti ilé ọmọ yẹ̀, kí ẹ sì gún un sínú ikùn nísàlẹ̀ lápá kan, kó má jìn. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó gún ọ̀kan lọ́sàn-án, tó wá gún èkejì nírọ̀lẹ́ nítorí pé jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti tan, ti fi wákàtí mẹ́fà yà wọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá kò sì dúró dè é.

Àwọn kan rò pé bí àmì bá ṣá, kí àwọn fi ìwọ̀n kún un tàbí kí àwọn gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má dán an wò. BrdU púpọ̀ jẹ́ májèlé fún ọlẹ̀, abẹ́rẹ́ púpọ̀ sì ń sọ ọjọ́ kan di ìdajì ọ̀sẹ̀. Nítorí pé ó ń wọ inú DNA, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí aboyún má sì fọwọ́ kàn án rárá.

Àyẹ̀wò: Ẹ pa ìyá kan ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ẹ sì tọ́jú àwọn ọlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lára ìfun rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìfun àgbàlagbà ń pín lójoojúmọ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri ìfun yẹn gbọ́dọ̀ kún fún àmì. Bí ìfun bá mọ́ tónítóní nígbà tí ẹ bá kùn ún, bóyá abẹ́rẹ́ kò wọlé ni, bóyá kíkùn ló bàjẹ́. Ẹ má ṣe lọ kan ọpọlọ tó ṣeyebíye títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Gbígba ọpọlọ

Àwọn ìyá yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n bí. Oyún èkúté ń lo nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20. Èyí jẹ́ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún ìgbésẹ̀ kìíní: ìyá tó bí ní ọjọ́ 17 tàbí ní ọjọ́ 23 lórí ìwé yín kò ṣe iṣẹ́ ìyanu, ọjọ́ èdídí rẹ̀ ni wọ́n kọ ní àkọtì.

Ẹ má ṣe dí ìyá lọ́wọ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́; ìyá tí ẹ̀rù bà á máa ń jẹ ọmọ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe kánjú gba ọpọlọ ní ọjọ́ ìbí. Àwọn níúrọ́ọ̀nù ìpele òkè ṣì wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó sì rí wọn níbi tí wọn kò ní gbé. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìbí dára.

Ẹ fi oògùn oorun tí ìwé àṣẹ yín fọwọ́ sí mú ọmọ náà sùn, ẹ fi PBS fọ ẹ̀jẹ̀ jáde gba ọkàn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi paraformaldehyde ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀lé e. Ẹ yọ ọpọlọ, kí ẹ fi í sínú ohun kan náà ní ibi tútù títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí iná bá lọ, kúlà oníyìnyín tó.

Àyẹ̀wò: Ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ funfun bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde tán, ìrù àti ọrùn gbọ́dọ̀ gan. Ọpọlọ tó bá ṣì rọ̀ bọ̀rọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án kò gba oògùn tó.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ìda àti gígé

Ẹ mú ọpọlọ gba ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 70, 80, 95 àti 100, kí ẹ tó gbé e wọ sáílíìnì, lẹ́yìn náà sínú ìda tó yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 58 sí 60. Bí ìda bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ á gan, á sì máa fọ́ lẹ́nu ọ̀bẹ.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́tà lè jẹ́ ojúlówó, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti bu omi sí i. Ẹ kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú sáílíìnì tó mọ́ nínú ife gíláàsì. Bí ó bá funfun bí ọ̀gì, omi wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ dára fún ìdá 70, kò dára fún èyí tó kẹ́yìn, nítorí ọpọlọ tó bá gbé omi wọ inú ìda yóò jìn kòtò láàárín nígbà gígé.

Ẹ gé e ní ìbú, láti iwájú lọ sẹ́yìn, ní máíkírómítà 5 sí 8. Síláìdì tí ẹ ti fi poly-L-lysine tàbí jẹ́látìn pa lára ni kí ẹ lò. Ásíìdì tó ń bọ̀ níwájú a máa ká ọpọlọ kúrò lórí síláìdì lásán.

Àyẹ̀wò: Ẹ kun síláìdì kan nínú mẹ́wàá pẹ̀lú cresyl violet, àwọ̀ tó ń fi gbogbo sẹ́ẹ̀lì hàn. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ka ìpele èèpo ọpọlọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gígé yín dagun. Ẹ tún bulọ́ọ̀kù náà gbé kalẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: Kíkùn

Ẹ yọ ìda kúrò pẹ̀lú sáílíìnì, ẹ gba ẹ́tánọ́ọ̀lù padà wá sínú omi. Ẹ fi hydrogen peroxide ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún pa agbára peroxidase (èròjà tó lè mú DAB yí àwọ̀ láìsí àǹtíbọ́dì) tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi citrate oní-pH 6 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó mú síláìdì gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni hydrochloric acid oní-2N, ní ìwọ̀n ooru 37, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. BrdU fara pamọ́ sáàárín okùn DNA méjèèjì, àǹtíbọ́dì kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ásíìdì yóò fi yà wọ́n. Ẹni tó fo ibí yìí kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì yóò rí ọpọlọ tí ásíìdì ti jẹ. Ní kété tí àkókò bá pé, ẹ fi borate oní-pH 8.5 pa ásíìdì náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni ríra àǹtíbọ́dì BrdU tí wọ́n ṣe láti ara èkúté láti fi kun ọpọlọ èkúté. Àǹtíbọ́dì kejì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ẹ dà sí i àti èyí tó ti wà nínú ẹran náà tẹ́lẹ̀, gbogbo síláìdì á sì di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe láti ara eku ńlá tí wọ́n ń pè ní rat. Ẹ jẹ́ kó sùn lórí síláìdì mọ́jú ní ibi tútù, lẹ́yìn náà kí àǹtíbọ́dì kejì àti DAB tẹ̀lé e. Ẹ jókòó ti DAB lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí kóró bá ki tí ilẹ̀ ọpọlọ ṣì mọ́. Májèlé ni DAB. Ẹ má dà á sínú síǹkì.

Àyẹ̀wò: Síláìdì mẹ́ta ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Ìfun ìyá gbọ́dọ̀ ní àmì. Ọpọlọ èkúté tí wọn kò gún rí gbọ́dọ̀ mọ́. Ní orí ọlẹ̀ tí ẹ gbà ní wákàtí kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ wo ògiri ihò olómi inú ọpọlọ: àwọn kóró tó ní àmì gbọ́dọ̀ tò bí ìgbànú kan tó jìnnà díẹ̀ sí ihò náà, nígbà tí etí ihò gan-an, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín sí méjì, yóò mọ́. Kóró sẹ́ẹ̀lì ìyá máa ń gòkè lọ da DNA kọ, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá pín. Ẹni tó bá rí ìgbànú yìí ti mọ̀ pé oògùn, àkókò àti kíkùn jọ ṣiṣẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: Kíka

Ẹ yan apá kan náà nínú gbogbo ọpọlọ, bí apẹẹrẹ èèpo tó ń gba ìmọ̀lára irun gígùn ẹ̀gbẹ́ imú. Kì í ṣe gbogbo èèpo ló ń bímọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ń ṣáájú àárín, iwájú sì ń ṣáájú ẹ̀yìn. Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ kan wé àárín òmíràn ti fi ọjọ́ méjì wéra láìmọ̀.

Ẹ pín èèpo náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá tó dọ́gba. Kóró tí àwọ̀ bò ju ìdajì rẹ̀ lọ nìkan ni kí ẹ kà. Ìlànà yìí nìkan ló máa ń sọ ata gígún di ìpele. Èyí tó ní tóótòòtó díẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ sẹ́ẹ̀lì tó gba àmì ní ọjọ́ yẹn, wọ́n bí i lẹ́yìn náà, ó sì lọ jókòó lókè. Àwọn glia náà wà láàárín wọn. Kí ẹlòmíràn tí kò mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá yín kà á.

Ọmọ mẹ́wàá láti inú ìyá kan jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́wàá, nítorí abẹ́rẹ́ kan ni gbogbo wọn jọ pín. Ó kéré tán, ẹ lo ìyá mẹ́ta fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò: E12.5 gbọ́dọ̀ pọ̀ jù lọ ní àwọn ọ̀nà ìsàlẹ̀, E15.5 ní ti òkè. Ní síláìdì tó tẹ̀ lé e, kí ẹ kun pròtéènì mẹ́ta yìí: Tbr1, tó ń fi ìpele kẹfà hàn, Ctip2 tó ń fi ìkarùn-ún hàn, àti Cux1 tó ń fi ìpele kejì sí ìkẹrin hàn. Síláìdì ọ̀tọ̀ ni mo sọ o, torí ásíìdì a máa ba ọ̀pọ̀ pròtéènì jẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: Ibi tó ti wá

Títí di ìsinsìnyí, ẹ mọ ọjọ́. Ẹ kò tíì mọ ilé. Níúrọ́ọ̀nù méjì tí ọjọ́ ìbí wọn bára mu nínú ìpele kan náà lè ti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Ẹ padà sí orí ọlẹ̀ E12.5 sí E14.5, kí ẹ gé e ní ìbú, kí ẹ sì kun jíìnì tó ń sàmì sí àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Ògiri òkè, tó ń bí níúrọ́ọ̀nù glutamate (àwọn tó ń ta níúrọ́ọ̀nù mìíràn jí) èèpo ọpọlọ, ní Pax6 létí ihò, lẹ́yìn náà Tbr2, lẹ́yìn náà Tbr1 bí ẹ ti ń lọ síta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gun okùn glia lọ sókè tààrà. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí òkìtì tó wú wọ inú ihò olómi, Dlx2 sì kún inú wọn. Òkìtì ti ẹ̀gbẹ́, tó ní Gsx2 púpọ̀, ń bí àwọn níúrọ́ọ̀nù alábọ́ọ́dé tó pọ̀ jù lọ nínú striatum (apá kan tó wà nísàlẹ̀ èèpo ọpọlọ) àti àwọn kan tó ń lọ sí ibi tí ọpọlọ ti ń gbóòórùn. Òkìtì ti àárín, tó ní Nkx2-1, ń bí níúrọ́ọ̀nù GABA (àwọn tó ń dá níúrọ́ọ̀nù mìíràn lẹ́kun) tó ní èròjà parvalbumin tàbí somatostatin, àwọn wọ̀nyí sì ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ wọ èèpo ọpọlọ bí àlejò. Òkìtì ti ẹ̀yìn ń bí àwọn tó ní èròjà VIP.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Nkx2-1 ń kú nínú níúrọ́ọ̀nù tó ń lọ sí èèpo ọpọlọ bó bá ti ń kúrò ní òkìtì náà, nígbà tí àwọn tó dúró ní striatum a máa pa á mọ́. Ẹni tó bá wá Nkx2-1 nínú èèpo ọpọlọ àgbà, tí kò rí i, tó wá kọ pé wọn kò ti ibẹ̀ wá, ti purọ́ mọ́ ẹran. Lhx6, tí Nkx2-1 ń tan, ni ó máa ń bá wọn dàgbà. Òun ni kí ẹ wá. Bákan náà, ẹ má ṣe retí pé àwọn ọmọ òkìtì ẹ̀yìn yóò tẹ̀ lé ètò àgbà-ìsàlẹ̀-ọmọdé-òkè. Ìpele òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ọjọ́ yòówù kí wọ́n bí wọn.

Fún àwọn tó lè rí èkúté Cre gbà (èyí tí wọ́n fi Cre, èròjà tí ń gé DNA, sínú rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí jíìnì tí wọ́n so ó mọ́ bá tàn) tí wọ́n sì ní máíkírósíkóòpù iná aláwọ̀, àmì tí kì í kú wà. Ẹ dá Nkx2-1-Cre tàbí Emx1-Cre pọ̀ mọ́ Ai14, èkúté tí Cre ń mú kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀lì tó bá tan jíìnì náà rí, àní fún ọjọ́ díẹ̀ péré, yóò pupa títí ayé, àti gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹ fi PCR, àyẹ̀wò DNA, yẹ etí ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ sì tọ́jú àwọn tí kò ní Cre láti inú ìyá kan náà fún ìfiwéra.

Àyẹ̀wò: Nínú Emx1-Cre, níúrọ́ọ̀nù glutamate èèpo ọpọlọ gbọ́dọ̀ pupa, àwọn tó ní parvalbumin kò gbọ́dọ̀ pupa. Nínú Nkx2-1-Cre, ìdàkejì rẹ̀ ni. Ẹ wo awọ àti iṣan ẹsẹ̀ pẹ̀lú: bí gbogbo ara bá pupa, Cre ti jò láti ìgbà àtọ̀ tàbí ẹyin, ẹran náà kò wúlò fún ìbéèrè yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀fóró àti gògóńgò bá pupa nínú Nkx2-1-Cre, ẹ má ṣe dà á nù, nítorí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹṣẹ́ ọrùn tí ń jẹ́ thyroid náà ń lo jíìnì yẹn láti dàgbà. Bí ẹ bá sì rí díẹ̀ nínú àwọn oní-somatostatin tí kò pupa, kì í ṣe àbùkù kíkùn yín. Cre yìí kì í dé etí òkè òkìtì àárín dáadáa, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ẹ kọ èyí sí abẹ́ àwòrán yín kí olùyẹ̀wò tó béèrè.